Obì Mẹ́ta Létí Odò

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a ṣe ìpàdé ẹbí. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Bàbá Àpáta, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ó gbé fóònù rẹ̀ lé etí ìwé náà kí fáànù má baà fẹ́ ẹ lọ. Abà wa ni awọnlẹ̀ yà síbẹ̀: odò ní apá kan, ọ̀nà ní apá kejì, àwọn òpó ààlà pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Lókè ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ sí. Orúkọ Bàbá Àpáta, ti àbúrò rẹ̀, àti ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìyá Òkè-Àdó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó kù láyé, kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n ka àwọn orúkọ náà sí òun létí. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá ní, “Wọn ò kọ Ìyá wa síbẹ̀.”

Kò béèrè tirẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló béèrè.

Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Bàbá Àpáta ká ìwé rẹ̀, wọ́n gbé mínírà wá, ọ̀rọ̀ sì yà síbòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ jókòó ti Ìyá Òkè-Àdó, èmi àti ìwé àkọsílẹ̀ mi, tí mò ń bi í ní ìtàn abà náà láti ìpilẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ láàárín ọ̀rọ̀, á sì jí padà sí ibi tó bá a dé gan-an, láì fo nǹkan kan.

Ojú ọ̀nà Akanran ni abà náà wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí orúkọ ìdílé wa náà ni. Láàárín ara wa, Abà là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè abà wo.

Bàbá Ńlá, tó bí bàbá bàbá mi, ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ogun ni. Ó bá wọn lọ sí ogun Kíríjì nígbà tí ogun náà ti ń lọ sópin. 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká. Nígbà tí ogun tán, ẹni tó ti ń fi ìbọn jẹun ní láti wá ohun mìíràn ṣe, oko ló sì wà nílẹ̀. Igbó ni ibẹ̀ nígbà náà, ìdílé ọdẹ kan ló ni ín. Bàbá Ńlá gbé obì àti ẹmu lọ bá wọn. Wọ́n mú un rìn láti etí odò dé ìdí ìrókò kan, wọ́n gbin pèrègún sí ààlà. Wọn kò tà á fún un. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún wọn: iṣu, àti agbè epo kan. Ìyá Òkè-Àdó ní òun bá wọn ru iṣu náà rí nígbà tí òun kéré. Olórí ìdílé ọdẹ á fọwọ́ kan iṣu náà, á wúre, á ní kí wọ́n gbé méjì padà lọ sílé. Nítorí náà, bí a bá ń ka olóko, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́, wọn ò sì sí nínú ìwé Bàbá Àpáta bákan náà.

Iṣu ni Bàbá Ńlá kọ́kọ́ gbìn, kì í ṣe kòkó. Èyí yà mí lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti rò pé kòkó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti wà, bí òkúta tó wà nínú odò. Àgège ni kòkó ti gbilẹ̀ ṣáájú, lóko àwọn oníṣòwò Èkó bíi J. K. Coker. Àwọn tó lọ ṣe lébírà níbẹ̀ ló ń gbé èso rẹ̀ bọ̀ wálé. Ọ̀kan nínú àwọn tó jọ jagun pẹ̀lú Bàbá Ńlá ló fún un ní èso mẹ́rin, nǹkan bí ìgbà tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901. Inú èso kan a máa ní bí 40 hóró. Ó gbìn wọ́n sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má baà pa wọ́n, ó sì ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ ní tirẹ̀ fún bí ọdún mẹ́fà kó tó ká ohun tó ṣeé gbé lọ tà.

Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ṣe é. Ó ní ìwọ̀fà méjì, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹbí wọn yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi iṣẹ́ wọn san èlé títí owó náà yóò fi pé. Ìyá Òkè-Àdó kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í kó tó sọ pé ọ̀kan nínú wọn ló gbẹ́ kànga tí a ṣì ń fa omi rẹ̀ dòní. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó ronú títí. Ó ní, “Wọn ò sọ fún mi.”

Bàbá Ńlá kú ní 1918, ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn jà káàkiri ayé. Ìyàwó méjì ló ní, nítorí náà ìdí-igi méjì ni wọ́n pín oko sí. Àwọn ọmọ ìyàwó àgbà mú apá ọ̀nà, àwọn ọmọ ìyàwó kejì, tí í ṣe tiwa, mú apá odò. Apá ọ̀nà ló dára jù lójú gbogbo ènìyàn nígbà náà.

Ọdún 1934 ni ìyá bàbá bàbá mi kú. Owó kòkó ti já wálẹ̀ gan-an láwọn ọdún náà. Kòkó wà nínú àpò, owó ò sí. Ṣùgbọ́n òkú ìyá kì í ṣe ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ òfìfo sin. Bàbá bàbá mi lọ yá pọ́ùn 18 lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, ó sì fi oko kòkó apá odò dógò fún un.

Bí ìdógò ṣe rí nìyí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó yáni lówó á wọ inú oko, á máa ká kòkó, á máa tà á. Ohun tó ń ká ni èlé rẹ̀. Pọ́ùn 18 náà kì í dín. Ì báà ká a fún ogún ọdún, pọ́ùn 18 ṣì wà lọ́rùn ẹni tó yá a. Ṣùgbọ́n oko kì í di tirẹ̀ láéláé. Ọjọ́ tí olóko tàbí ọmọ olóko bá gbé owó dé, ó gbọ́dọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀, torí igi ni ẹ̀rí. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ẹni tó gbin igi lè na ọwọ́ sí i kó ní, “Ta ló gbin èyí?”

Ọkùnrin náà gbin obì mẹ́ta sétí odò.

Ọdún mẹ́rìnlá ni oko fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá bàbá mi ń gbin iṣu sórí ilẹ̀ tí ó tọrọ, ó sì ń kọjá lẹ́bàá kòkó bàbá rẹ̀ láràárọ̀ láì gbọdọ̀ ká ẹyọ kan. Ìyá Òkè-Àdó ní bàbá òun kì í wo apá ibẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Mi ò dá a lẹ́bi pé ó yá owó. Ohun tó dùn mí ni pé, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnì kan ń ṣírò owó náà nínú ilé, òun kò sì mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, ìyá bàbá mi, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Elépo. Abà ló ti ń ra epo lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fọ̀ ọ́, á rù ú nínú garawa dé Ọjà’ba, á sì ra iyọ̀ àti kẹrosínì bọ̀ wá tà fún àwọn ará abà. Ìrìn àárọ̀ kùtù ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ èésú àwọn elépo, bó bá sì gba èésú tirẹ̀, á ná díẹ̀, á fi ìyókù sínú ìkòkò kan tó rì mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná lábẹ́ ìdí èlùbọ́. Ìyá Òkè-Àdó ló máa ń bá a wo ẹnu ọ̀nà nígbà tó bá ń ṣí i.

Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn kan nínú kòkó ní agbègbè Ìbàdàn. Ẹ̀ka igi á máa wú, ewé á máa já, igi á sì gbẹ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò kékeré funfun kan tí àwọn èèrà ń ṣọ́ bí ẹran ọ̀sìn ló ń gbé e láti igi dé igi. Kò sí oògùn rẹ̀. Ohun tí ìjọba ìgbà náà mọ̀ ni kí wọ́n gé igi tó bá ní in. Àwọn àgbẹ̀ kórìíra àwọn agégi ju eṣú lọ: igi tó ṣì ń so lójú wọn ni wọ́n ń gé. Nígbà tó fi di 1948, wọ́n ti ń gé e ní àwọn oko tí kò jìnnà sí tiwa.

Ẹ̀rù ba oníṣòwò náà. Bí wọ́n bá gé kòkó, èlé rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí bàbá bàbá mi pé kó wá gba oko rẹ̀. Bàbá ò lówó, ká tilẹ̀ sọ pé ó ní in, kò rí ìdí tí òun fi máa fi pọ́ùn 18 ra oko tó ń kú lọ. Gbogbo ọkùnrin tó bá a jókòó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Elépo kò bá wọn sọ nǹkan kan. Ó wọ inú oko lọ, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, bàbá mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ oṣù mélòó kan. Ẹsẹ̀ kòkó lẹ́sẹẹsẹ ló ń wò. Ìyá Òkè-Àdó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí bó ṣe ṣe é: ó fa ẹ̀ka wálẹ̀, ó ń yí ewé tuntun wò níhà ìmọ́lẹ̀, ó ń wá bóyá iṣan ewé náà pọ́n. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn agégi fúnra wọn, nígbà tó ń ta kẹrosínì fún wọn, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sàmì sí igi. Igi tó bá ní àmì náà, ó so okùn mọ́ ọn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Igun ìlà-oòrùn nìkan ni okùn pọ̀ sí. Ìyókù mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ló gbé ìkòkò jáde.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìyá Òkè-Àdó, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló gbé àtùpà ṣáájú. Ilé olórí abà ni wọ́n jókòó sí: oníṣòwò náà, àgbà mẹ́rin, bàbá bàbá mi, àti àbúrò rẹ̀ kan. Ìyá Elépo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin kì í dìde sọ̀rọ̀ nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ó tú ìdí ìborùn rẹ̀, ó na owó náà sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kà á, ó na án sí àgbà kan. Àgbà náà kà á, ó na án sí oníṣòwò. Wọ́n fọ́ obì, wọ́n da ọtí sílẹ̀, wọ́n sì wúre fún bàbá bàbá mi pé ó káre, ó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà.

Ìyá Òkè-Àdó ní nígbà tí wọ́n ń wúre náà, òun wo ojú ìyá òun lábẹ́ àtùpà. “Ó ń ṣe àmín.”

Ibẹ̀ ni oníṣòwò náà ti ní, obì tòun ńkọ́? Àwọn àgbà bínú. Wọ́n ní kí ló dé tó fi gbin igi sínú ìdógò, wọ́n ní kó lọ, kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ìyá Elépo sọ sí ọkọ rẹ̀ létí. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó ní òun máa san òkè kan lórí igi kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ náà kú. Òkè kan nígbà náà, ṣílè márùn-ún ni. Ṣílè 15 sì jáde láti inú ìborùn kan náà. Mo bi Ìyá Òkè-Àdó pé kí ló dé tó fi san ohun tí kò jẹ. Ó ní òun náà bi ìyá òun bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ilé. Ìyá Elépo ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ọkùnrin náà kankan rí igi tí wọ́n máa wá nawọ́ sí lẹ́yìn ikú òun.

Àwọn agégi dé lóòótọ́. Igun ìlà-oòrùn ni wọ́n gé, àwọn igi olókùn àti díẹ̀ lára àwọn tó yí wọn ká. Oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀ di, ẹ̀gẹ́ la ṣì ń gbìn síbẹ̀. Ìyókù yè. Láàárín ọdún mélòó kan, owó kòkó gòkè, bàbá bàbá mi sì di ẹni tí wọ́n ń kí lójú ọ̀nà. Ó fún ìyàwó rẹ̀ láṣẹ pé kó máa ká gbogbo ọ̀pẹ tó wà nínú oko náà títí ayé rẹ̀. Ìyẹn ló rí gbà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e yára. Ní January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó sì wà lára ohun tí ìjọba fi gbé e. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìyá Òkè-Àdó ti pé 17, kò sí ààyè fún un. Ẹ̀kọ́ náà mú gbogbo ọmọ kúrò lábà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí kòkó ń pọ̀ sí i ni ọwọ́ tí yóò fọ́ ọ ń dín kù. Bàbá bàbá mi kú ní 1961. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, tó bí Bàbá Àpáta, ló gba oko lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé páànù tó wà níbẹ̀, òun ló tẹ́ sìmẹ́ǹtì tí a ń sá kòkó sí. Ó fi ìka kọ 1963 sí i nígbà tó ṣì tutù, àtẹ̀lẹsẹ̀ adìyẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní 1965, wọ́n mú Ìyá Elépo lọ wò ó. Ó dúró nísàlẹ̀, ó gbórí sókè, ó ní òkúta kan ń bẹ níbẹ̀ tó jẹ́ tòun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Àgbẹ̀kọ̀yà díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, torí ojú ọ̀nà wa ló ti gbóná jù. Akanran ni ìlú Tafa Adeoye, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn. Ní 1968 sí 1969, owó orí ti wọ àgbẹ̀ lára, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí kòkó kò tó nǹkan. “Òkè mẹ́fà la ó san” ni gbogbo abà ń pariwo, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà pẹ̀lú wọn. Àwọn obìnrin àti ọmọdé sùn nínú oko kòkó lọ́pọ̀ òru. Ìyá Elépo, tó ti lé ní 55 nígbà náà, kò lọ sùn sínú kòkó. Ìdí obì létí odò ló tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí. Kòkó ọdún náà rà lórí igi. Ìjọba dín owó orí kù níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kò nà dáadáa mọ́ títí ó fi kú ní 1973.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sí ọkùnrin kan nínú ìdílé tó fẹ́ gbé abà. Owó epo rọ̀bì ti dé, Èkó àti Ìbàdàn ń pe ènìyàn. Ní 1974 ni wọ́n mú ọkùnrin kan láti Àgàtú wá kó máa mójú tó oko. Àdéhùn náà ni pé bí wọ́n bá ta kòkó, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n á pín owó sí: ìdílé á mú méjì, òun á mú ọ̀kan. Ọdún 35 ló lò níbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú ẹbí ń pè é ní lébírà, inú mi kì í sì í dùn sí i. Nígbà tí kòkó Bàbá Ńlá darúgbó tán, òun ló lọ gba irúgbìn tuntun wá ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló gbìn ín, òun ló gbé pọ́ǹpù sẹ́yìn fín in. Kòkó tó ń so lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ìyá Elépo ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá. Bí mo bá lọ lo ìsinmi lábà, àwọn ni mò ń bá ṣeré, a jọ ń fi igi fa omi kòkó mu nígbà tí wọ́n bá bo hóró rẹ̀ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní 1978 ni òfin ilẹ̀ jáde tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lábà. Èyí tí a gbọ́ ni ti 1986, nígbà tí wọ́n tú àjọ tó ń ra kòkó ká, tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó sì lè wá rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Owó kòkó fò sókè, ẹbí tí a kò rí láti ọdún pípẹ́ sì rántí ọ̀nà Akanran. Ìjà náà gùn, mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́yà kan ka ẹjọ́ Danmole àti Dawodu fún wọn, èyí tí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dá ní London ní 1962, pé ìdí-igi ni ìpín Yorùbá. Nítorí náà apá ọ̀nà dúró fún tọ̀hún, apá odò fún tiwa. Àwọn apá ọ̀nà ti ta tiwọn tán ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ilé ti kún ibẹ̀. Ìrókò tí wọ́n fi ṣe ààlà fún Bàbá Ńlá ti di pákó.

Ìyá Elépo kú ní 1991. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn epo díẹ̀, àní lẹ́yìn tó ti fi òwò náà sílẹ̀.

Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Fóònù Bàbá Àpáta ò dákẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ pe awọnlẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kò ṣe é dáadáa: bí kò bá wọ̀n ọ́n, àwọn tó ń ta pẹ́lẹ́ẹ̀tì á wọ̀n ọ́n fún wa. Nígbà tí mo lọ bá a nílé láti sọ ohun tí Ìyá Òkè-Àdó sọ, ó gbọ́ mi tán pẹ̀lú sùúrù. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé Bàbá wa àgbà ló ra oko náà padà, lójú àgbà mẹ́rin. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Abà lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin àgbà ti bàbá ará Àgàtú ló ń mójú tó oko báyìí, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ní 2009. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Mi ò sọ ìdí tí mo fi wá. Mo kàn ní kó mú mi rìn yí oko ká, kó sì máa dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan fún mi bí àwọn ṣe ń pè é, mo sì tẹ fóònù mi kó máa gbà á sílẹ̀. Ó ní, ibí ni Sìmẹ́ǹtì. Ibí ni Igun Okùn. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń pe oko ẹ̀gẹ́ ní Igun Okùn. Ó ní òun ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Elépo ń pè é. A dé etí odò. Obì mẹ́ta náà ti ga, ọ̀kan ti dà síhà omi, wọ́n sì ṣì ń so. Ó ní, “Ìdí Òkè Mẹ́ta rèé.”

Mo ní kí ni òkè mẹ́ta. Ó wò mí bíi pé mò ń fi í ṣeré. “Owó tí Ìyá Elépo fi rà wọ́n ni. Ìwọ ò mọ̀ ni?”

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé fóònù náà lọ sílé Bàbá Àpáta. Ìyá Òkè-Àdó bá mi lọ, a fi kẹ̀kẹ́ Marúwá gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ ohùn náà jáde. Bàbá Àpáta gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí, ó tún un gbọ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó gbé ìwé awọnlẹ̀ jáde, àti ìwé àdéhùn ẹbí tí a kò tíì fọwọ́ sí. Ó mú bírò. Ó kọ “ìyá wa” sí i, ó dúró.

Ó gbójú sókè wo Ìyá Òkè-Àdó. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kí ni orúkọ Ìyá Elépo gan-an?”

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nígbà náà pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Òkè-Àdó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì fi oríkì rẹ̀ tì í. Bàbá Àpáta ní kó rọra pè é, kí òun lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ.